Mo Gba Àmín Mi Padà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ lónìí. Ẹ má bínú sí mi. Ara mi ni mo máa kọ́kọ́ nà kí pàṣán tó kan ẹlòmíràn, nítorí pé mo wà níbẹ̀, máíkì wà lọ́wọ́ mi, èmi náà sì ṣe Àmín.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìsìn ìdúpẹ́ ìparí ọdún tó kọjá á rántí. Ọyẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Afẹ́fẹ́ ń gbá eruku wọlé, páànù kan tó ti tú lẹ́yìn ilé ìjọsìn sì ń lù gbà-gbà-gbà títí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ọmọ ìjọ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tí màmá rẹ̀ ń ta tòmátì ní Farin Gada, jáde wá jẹ́rìí. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti ń bá àwọn kan wa ọkọ̀ ìgbòkun, pé wọ́n máa ń fi sáré ìje lórí omi lọ́jọ́ Sátidé. (Sátidé ni o, ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ bèèrè bóyá ó ń lọ sí ìsìn.) Ó ní nínú ìje kan lóṣù kẹrin ọdún náà, ọkọ̀ mọ́kànlá ló jáde, tiwọn wà ní ipò kejì, wọ́n sì ti ń sún mọ́ ẹni àkọ́kọ́, kí ìjì tó dé. Ọkọ̀ kan tó gbé èèyàn méjì dojú dé. Wọ́n yí padà lọ gbé wọn. Nígbà tí wọ́n máa fi dé ibi tí ìje ti parí, àwọn ni ìkẹyìn. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹnikẹ́ni ò kú. Ó ti ń padà lọ jókòó.

Ìgbà yẹn ni arákùnrin wa kan dìde wéré, ẹni tí mo fẹ́ràn, tó sì mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí yìí, nítorí mo ti fi ìwé yìí hàn án kí n tó fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí gbogbo ìjọ na ọwọ́ sí ọmọ náà. Ó ní ẹ̀mí ó-kù-díẹ̀-kó-dé ló ń bá ìdílé wọn jà, àti pé òpin dé bá a lónìí. Ẹ rántí bí àdúrà yẹn ṣe gbóná. Ẹ rántí pé a fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ife-ẹ̀yẹ tó dé etí ẹnu tó bọ́, a ní kò tún ní í bọ́ mọ́. Ìjì tó bá dìde lọ́jọ́ ìṣẹ́gun, a ní kó padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an. Màmá ọmọ náà ń sunkún. Mo rò nígbà yẹn pé ẹkún ayọ̀ ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ìyá wa ti gbà lójú ẹsẹ̀ pé àwọn kan nílé ló ń ba iṣẹ́ ọmọ òun jẹ́, ó sì ti ń wo ojú ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, ọmọ náà wá bá mi ní ọ́fíìsì. Kò jókòó. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo ṣẹ̀ ni?"

Mo ní rárá o.

Ó ní, "Kí wá ni a dè lónìí, sà?"

N kò rí nǹkan kan sọ. Mo ní kó lọ jẹun, pé ìrẹsì ti wà nílẹ̀. Ẹ wo irú ìdáhùn tí olùṣọ́-àgùntàn fún ọmọ tó gba ẹ̀mí là.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí nínú, nítorí náà mo ní kí ọmọ náà ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi lẹ́sẹẹsẹ kó tó padà sí Èkó. Ó ya á sẹ́yìn ìwé ètò ìsìn. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, torí mo rí i pé ohun tí a kò mọ̀ la fi gbàdúrà.

Àwa ará Jos kì í ṣe ará omi. Orí òkè la wà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mítà kan sí ojú òkun. Omi tí a mọ̀ ni ti Lamingo, àti àwọn kòtò ńlá tí àwọn tó wa tin fi sílẹ̀ ní Bukuru, ní Rayfield, títí dé Barkin Ladi, tí òjò ti sọ di adágún, tó sì ti gbé ọmọ lọ mọ́ àwọn òbí kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará wa ní gúúsù mọ ìgbòkun tipẹ́. Bí ẹ bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá láàárọ̀, ẹ ti rí àwọn apẹja Ègùn ti Makoko nínú ọkọ̀ onígi, tí wọ́n fi àpò ìrẹsì àti àpò ìyẹ̀fun rán ìgbòkun, tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọn lọ jẹ́jẹ́. Ti ìje tún yàtọ̀. Ẹgbẹ́ kan wà l'Ékòó tó ń jẹ́ Lagos Yacht Club, ó ti wà láti 1932, nígbà òyìnbó amúnisìn. Títí di òní ni wọ́n ń sáré. N kò sọ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọ wa ti ń wa ọkọ̀ o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nǹkan náà kì í ṣe àṣà tuntun tí ọmọ náà lọ kó láti inú fóònù.

Irú ọkọ̀ tí wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń pè ní Lightning. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mọ́kàndínlógún, kò ní ẹ́ńjìnnì, èèyàn mẹ́ta ló ń wà á. Ẹnìkan di ìtọ́kọ̀ mú, àwọn méjì ń fa okùn ìgbòkun tàbí kí wọ́n dẹ̀ ẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá le, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á lọ jókòó sí etí ọkọ̀ lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, wọ́n á fẹ̀yìn síta sórí omi, kí ara wọn lè tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kó má dojú dé. Ohun kan wà tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ìgbòkun kò ní jẹ́ ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Níbi tí ọkùnrin kan ti ń tì ọ́, ọkùnrin mẹ́rin ti dé, wọ́n ò sì kàn lẹ́kùn.

Ní Èkó, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń sáré máa ń ti ọ̀nà òkun fẹ́ wá, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kì í sì í sábà le jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ìjì a máa ti ìlà-oòrùn yọ. Ọmọ náà ní afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ kú pátá. Ìgbòkun rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni ìjì ti òdì kejì dé, ó gbá ìgbòkun bí ẹni gbá etí ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà mọ irú rẹ̀, òun náà ló ń ṣí páànù ilé kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó kán sílẹ̀.

Ọkọ̀ mẹ́rin dojú dé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ wọn, ó sì ti lọ bá méjì tó wà nítòsí ara wọn. Àwọn tó wà nínú ìkẹta gbé ọkọ̀ wọn dìde fúnra wọn, torí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé yí padà bí ara bá ṣì le. Ó wá ku ìkẹrin. Ọkùnrin kan rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ náà. Èkejì ti já kúrò lára rẹ̀. Àkókò náà sì ni omi ọ̀sà ń fà jáde lọ sí òkun. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró létí ẹnu òkun Èkó rí, níbi tí wọ́n kó òkúta jọ sí lọ́tùn-ún lósì, ẹ mọ ohun tí omi yẹn máa ń ṣe bó bá ń jáde. Ó ní orí ẹni náà nìkan ni àwọn ń rí, ìgbì á bò ó, á tún yọ.

Ọ̀gá wọn tó di ìtọ́kọ̀ mú bèèrè ọ̀rọ̀ kan péré: "Ta ló ń rí i?" Ọmọ wa ní òun ń rí i. Ọ̀gá ní kó má gbé ojú kúrò lára rẹ̀, kó máa nàka sí i. Ìyẹn ni gbogbo ìpàdé tí wọ́n ṣe.

Ọkọ̀ ìgbòkun ò ní bíréèkì. Bí o bá sáré lọ bá ẹni tó wà nínú omi, o lè gun orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní láti gba ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́ lọ, kí wọ́n wá kọ orí ọkọ̀ sójú afẹ́fẹ́, kí ìgbòkun máa gbọ̀n lásán bí aṣọ tí a sá, kí ọkọ̀ lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n tàsé rẹ̀. Wọ́n tún yí padà, nínú ìjì yẹn, pẹ̀lú òpó tí ń ké. Ìgbà kejì ni ọmọ wa gbá life jacket rẹ̀ mú léjìká. Wọ́n fà á wọlé, wọ́n lọ mú èkejì. Wọ́n wá dúró ti ọkọ̀ tó dojú dé náà títí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì fi dé.

Ẹ̀yin ará mi, ibi tí ife-ẹ̀yẹ náà bọ́ sí nìyẹn. Ìyẹn ni ẹ̀mí òkùnkùn tí a lé jáde pẹ̀lú ìlù àti dùùrù.

Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ lẹ́yìn náà, nítorí ará Jos ni wá, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé Terminus kó tó padà wálé. Alàgbà kan ní àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa dóòlà ẹ̀mí níbẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn. Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ò lè wà ní ibi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà kò ní kí ẹ dá àwọn tó kọjá lọ lẹ́bi. Nínú irú ìjì bẹ́ẹ̀ ojú kì í rí jìnnà, ọ̀pọ̀ wọn ń bá ẹ̀mí ara wọn jà. Ẹni tó rí i ni mò ń sọ. Ẹni tó bá ti rí i, ọ̀rọ̀ ti kàn án.

Arákùnrin wa ní tirẹ̀ fi Pọ́ọ̀lù gbè mí. Ó ní àpọ́sítélì sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí wọ́n sáré bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Òtítọ́ ni. Èmi náà ti fi wàásù. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kan náà kọ̀wé sí Tímótì lẹ́ẹ̀kejì, ní orí kejì, pé ẹni tó ń díje kò lè gba adé bí kò bá tẹ̀lé ìlànà ìje. Dípúlọ́mà ni mo ní, n kì í ṣe ọ̀mọ̀wé Gíríìkì. Ẹsẹ yẹn kò sì nílò Gíríìkì rárá. Ó kàn ní kí a lọ wo ìlànà ìje. Nítorí náà mo lọ wò ó.

Ìje ọkọ̀ ìgbòkun ní ìwé òfin kan tí àjọ World Sailing ń tẹ̀, tí wọ́n ń tún ṣe ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Èmi rò pé òfin kìíní á jẹ́ nípa bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀, tàbí ọkọ̀ wo ló gbọ́dọ̀ yà fún èwo. Ó tì o. Òfin kìíní dá lórí ààbò, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó ń díje gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo ìrànwọ́ tó bá wà ní agbára rẹ̀ fún ẹni tàbí ọkọ̀ tó wà nínú ewu. Ìwé náà tún fi yéni pé ẹni tó bá pàdánù ipò rẹ̀ nítorí irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ lè bẹ àwọn adájọ́ pé kí wọ́n ṣe àtúnṣe fún òun. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ti mọ̀ pé ó máa náni ní nǹkan. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì fi ṣe òfin kìíní.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Pọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn ọmọ wa. Òun ló sáré gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Ẹni tó bá rí orí èèyàn nínú omi tó sì tẹ̀ síwájú láti gba kọ́ọ̀pù, ẹni yẹn ni kò sáré rárá, ìbáà dé lákọ̀ọ́kọ́. Ọmọ náà tilẹ̀ sọ fún mi, ohun tí kò ráyè sọ níwájú ìjọ torí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé e lórí, pé àwọn adájọ́ dá ipò kejì padà fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹlòmíràn ló gba ife. Ṣùgbọ́n ní tòótọ́, a ò bi í.

Ẹlòmíràn sì kọ ọ́ sórí WhatsApp àwọn ọ̀dọ́ pé bí ọmọ náà bá ní ìgbàgbọ́ ni, ìjì ló yẹ kó bá wí. Mo rò pé irú ìwàásù tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu wa ló fà á. Ẹ lọ ka Máàkù orí kẹrin dáadáa. Jésù bá afẹ́fẹ́ wí nítorí pé àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń ṣègbé. Kò bá a wí kí ọkọ̀ Pétérù lè ṣíwájú. Ohun kan sì wà níbẹ̀ tí a kì í sábà kà jáde: Máàkù ní àwọn ọkọ̀ kéékèèké mìíràn wà pẹ̀lú wọn lórí omi náà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, ṣé fún ọkọ̀ kan ṣoṣo ló dákẹ́ ni? Àwọn tó wà nínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké yẹn kò ké pe Jésù, bóyá wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, síbẹ̀ omi pa rọ́rọ́ fún wọn. Àwa wá ń gbàdúrà kí ìjì yà kúrò lọ́nà tiwa kó lọ bá aládùúgbò.

Àwọn kan á ní, ìje kékeré nìyẹn, bó bá jẹ́ ohun ńlá ńkọ́? Ohun tí èèyàn ti fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ wá? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Òlíḿpíìkì.

Ní September 1988, ìdíje Òlíḿpíìkì wà ní Seoul, ní Kòríà, ṣùgbọ́n ìlú Pusan tó wà létí òkun ni wọ́n ti sáré ọkọ̀ ìgbòkun. Ọkùnrin ará Kánádà kan wà níbẹ̀, Lawrence Lemieux. Irú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Finn ló ń wà, òun nìkan ló sì wà nínú rẹ̀. Ìje méje ni wọ́n máa sá. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà, wọ́n wà lórí ìkarùn-ún, ó sì wà ní ipò kejì. Afẹ́fẹ́ bá le, títí tó fi ń lọ bíi kìlómítà márùndínláàádọ́rin ní wákàtí kan. Nítòsí ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sáré ìje mìíràn, ọkọ̀ àwọn ọmọ Singapore méjì kan ti dojú dé, Joseph Chan àti Siew Shaw Her. Ọ̀kan di ọkọ̀ mú, èkejì ti lọ jìnnà nínú omi. Lemieux rí wọn. Ó fi ìje sílẹ̀, ó gba ojú ìgbì lọ bá ẹni tó jìnnà, ó fà á wọlé, ó lọ mú ẹnìkejì, ó sì dúró tì wọ́n títí ọkọ̀ àwọn aláàbò fi dé. Nígbà náà ló tó padà sẹ́nu ìje. Ipò kejìlélógún ló dé. Àwọn adájọ́ dá ipò kejì padà fún un nínú ìje yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀ tán, ipò kọkànlá ló wà. Kò gba góòlù, kò gba fàdákà, kò gba idẹ. Àjọ Òlíḿpíìkì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Pierre de Coubertin tí wọ́n ń fún ẹni tó hùwà ọmọlúàbí nínú eré.

Ọmọ ilẹ̀ Sípéènì kan ló gba góòlù Finn lọ́dún náà. Ta ló mọ orúkọ rẹ̀ nínú yín? Èmi náà ní láti wá a kiri. N kò sọ èyí kí ẹ lè máa gba ẹni tó ń rì là nítorí òkìkí o, torí bí àwọn kan bá gbọ́ èyí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á gbé kámẹ́rà dání. Mo sọ ọ́ nítorí pé ẹ ní bó bá jẹ́ ohun ńlá ńkọ́.

Ẹ tún wo Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ó kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣí kúrò ní èbúté, wọn ò gbọ́. Ìjì dé, wọ́n sọ ìgbòkun kalẹ̀, wọ́n da ẹrù sómi. Nígbà tó yá, àwọn atukọ̀ fẹ́ jí ọkọ̀ kékeré kí wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ sálọ, àwọn atukọ̀ tó mọ iṣẹ́ ni o! Pọ́ọ̀lù kọ̀, ó ní bí àwọn yẹn ò bá dúró nínú ọkọ̀, ẹ̀mí ò ní í là. Níkẹyìn ọkọ̀ fọ́, ẹrù ṣègbé, èèyàn 276 sì gúnlẹ̀ láàyè. Bó bá jẹ́ arákùnrin wa ló gbàdúrà lórí ìrìn-àjò yẹn, á ní ẹ̀mí ó-kù-díẹ̀-kó-dé ló mú Pọ́ọ̀lù, torí Róòmù ló ń lọ, Mẹ́lítà ló bá ara rẹ̀.

Àti àkàwé ará Samáríà. Ẹ̀yin ará, ta ló dé ibi tó ń lọ lásìkò lọ́jọ́ yẹn? Àlùfáà ni àti ọmọ Léfì. Kò sí ìdènà lọ́nà tiwọn. Ará Samáríà ló pẹ́ lọ́nà, òun ló náwó, òun ló sùn sí ilé èrò tí kò gbèrò tẹ́lẹ̀. A ò sì tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni dè é.

Bí ó bá yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ẹnì kan, àwa ará Jos ni. Láti September 2001 ni a ti mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ẹnì kan dúró nígbà tí gbogbo èèyàn ń sá. Nínú ìjọ yìí, àwọn kan wà tó jókòó lórí àga lọ́jọ́ ìsinmi nítorí pé ẹlòmíràn ṣílẹ̀kùn fún wọn lóru, tí ẹni tó ṣílẹ̀kùn náà kì í sì í ṣe Yorùbá, tí àwọn mìíràn nínú wọn kì í ṣe Kristẹni. Ní June 2018, ní abúlé Nghar ní Barkin Ladi, Imam Abdullahi Abubakar kó èèyàn 262 sínú ilé rẹ̀ àti mọ́sálásí nígbà tí àwọn apànìyàn ń lé wọn, ó sì jáde lọ bẹ àwọn tó ń lé wọn. Àgbàlagbà tó lé ní ọgọ́rin ọdún! Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kó pa mọ́ jẹ́ Kristẹni bíi tiwa. Òun náà ní ohun tó lè pàdánù, ó sì ju kọ́ọ̀pù lọ. Bó bá wá jẹ́rìí níwájú wa, ṣé a máa na ọwọ́ sí i?

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí ẹ̀bi mi wà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, èmi ni mo pe ọ̀sẹ̀ ìtúsílẹ̀ lórí ẹ̀mí ó-kù-díẹ̀-kó-dé. Ẹ rántí bánà tí a so sẹ́nu géètì, àwòrán mi wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú iná lẹ́yìn. N kò sọ pé kò sí ìjákulẹ̀ tó ń dun èèyàn. Ẹni tó ti lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nígbà méje tí wọn ò pè, ẹni tí oyún ń bọ́ lára rẹ̀, a ó máa bá wọn gbàdúrà títí tí ohùn wa á fi ha. Ohun tí mo ṣe tó burú ni pé mo kó gbogbo ohun tí kò bá ti jẹ́ ipò kìíní sínú àpò kan, mo sì kọ "ìdè" sára àpò náà. Mi ò yà á sọ́tọ̀ pé nǹkan míì wà tí a pàdánù nítorí pé a ṣe ohun tó tọ́. Nígbà tí ọmọ náà wá sọ irú rẹ̀ fún yín, ẹ ò ní àpò míì tí ẹ máa fi í sí. Èmi ni mi ò rán an.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ agbada Èkó lásán ni mò ń sọ. Ní eré ìje àwọn ọmọdé nígbà Ìkórè tó kọjá, lórí pápá ilé ìwé, ọmọ kan ṣubú níwájú. Ọmọ tó ń tẹ̀ lé e dúró, ó na ọwọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ sì ń pariwo láti ẹ̀yìn okùn pé, "Fi í sílẹ̀! Sáré!" Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo ẹni tó wà nílẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó sáré. Ó gba kúlà omi. A pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo fi kúlà náà lé e lọ́wọ́, mo sì ní kó máa tẹ̀ síwájú nínú Olúwa. Ìyá náà ń ka èyí lọ́wọ́. Ìyá wa, mi ò dá yín lẹ́bi ju ara mi lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ti fẹ́ ṣe ohun tó tọ́ kí àwa àgbà méjì tó dá sí i.

Nítorí náà, mo gba Àmín mi padà. Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìsìn wa kò ní ètò fún irú rẹ̀, àwọn alàgbà sì ti bi mí bóyá ó ṣeé ṣe. Mo ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti ń wo ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ nítorí àdúrà ọjọ́ náà, kó lọ kí i. Ìyàwó yẹn ò mọ ohunkóhun nípa ìjì tó jà l'Ékòó.

Ọmọ náà ń bọ̀ wálé fún Àjíǹde. Mo ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ fún un nínú ètò ìsìn, lẹ́yìn ìkéde, kí ó sọ ìtàn náà látìbẹ̀rẹ̀, títí kan ipò kejì tí wọ́n dá padà. Arákùnrin wa ti wá bá mi. Ó ní òun náà fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, máíkì á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi parí.